Alága Jayéọlá àti Síídì Kejì

Ẹ̀yin tí ẹ ti ríbi jókòó, ẹ sún mọ́ra díẹ̀ kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn náà lè ríbi fìdí lé. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tí kò ka ìwé, tó wá fẹ́ fìyà jẹ ẹni tó kà á, ni mo fẹ́ sọ. Ìlú Benin ló ti ṣẹlẹ̀, lọ́dún 2005, ní Ikpoba Hill, nínú gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá tó ń gbé ìlú náà. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá rí ara rẹ̀ nínú ìtàn yìí, kó ṣáà máa bá wa rẹ́rìn-ín lọ, a ò ní í fura.

Orúkọ ọkùnrin náà ni Akínfẹ́mi Jayéọlá, àmọ́ ta ló tó bẹ́ẹ̀ láti pè é lórúkọ? Ọ̀gá ni ní iléeṣẹ́ ìjọba kan tí mi ò ní í dárúkọ, níbi tó ti ń buwọ́ lu ìwé tí ẹlòmíràn kọ, kí ẹlòmíràn tún lè gbé e lọ sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Nínú ẹgbẹ́, òun ni Alága Ìgbìmọ̀ Àṣà, Èdè àti Gbogbo Ohun Tó Jọ Mọ́ Ọn. "Gbogbo Ohun Tó Jọ Mọ́ Ọn" yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló fi kún un nígbà tó ń tẹ káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, nítorí ó rí i pé àyè ṣì kù lórí káàdì náà.

Ẹ wá wo bó ṣe ń wọ ìpàdé. Dọ̀tun, akọ̀wé rẹ̀, ló máa ń ṣáájú. Á ní kí gbogbo ilé dìde. Á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn ìgbésí ayé Alága, láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, dé orí ilé-ẹ̀kọ́ tó lọ, dé orí èyí tó yẹ kó lọ àmọ́ tí kò lọ. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá gbáko ni. Màmá àgbàlagbà kan ti sùn lórí ìdúró rí. Dọ̀tun ní ọ̀wọ̀ ló fi ń tẹrí ba. Bí Alága bá wúkọ́, Dọ̀tun á ní, "Ẹ gbọ́ òye!" Bí Alága bá dákẹ́, Dọ̀tun á ní, "Ẹ jẹ́ kó jinlẹ̀!" Alága fúnra rẹ̀ sì gbà tọkàntọkàn pé ó ń jinlẹ̀.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ni Alága máa ń wí, ọwọ́ kan lẹ́yìn, "ní orúkọ ipò tí mo dì mú, ní orúkọ ipò tó dì mí mú, àti ní orúkọ àwọn ipò tó ń bọ̀ wá dì mí mú, mo kí yín."

Àwọn ipò tó ń bọ̀ yẹn kì í ṣe àwàdà o. Bàbá Títíloyè tó jẹ́ Ààrẹ ẹgbẹ́ ti lé lọ́gọ́rin ọdún, bàbá sì ti ní òun fẹ́ lọ sinmi. Àga bàbá ni Jayéọlá ń wò. Nígbà tí kò bá sí ẹnikẹ́ni nínú gbọ̀ngàn, ó máa ń jókòó sí i wò.

Ìwé ìtàn àròsọ kan wà tí kò sí ẹni tó kà á tí ojú rẹ̀ gbẹ. Ohùn Òdìkejì Odò ni orúkọ rẹ̀. Atukọ̀ kan ló wà nínú ìwé náà, ọkùnrin olóríkunkun, tó bá àwọn ará òdìkejì odò jà, tó sì búra lójú gbogbo ìlú pé òun ò ní í fi ọkọ̀ òun gbé ẹnikẹ́ni láti ọ̀hún wá mọ́ láéláé. Bẹ́ẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin, Àṣàkẹ́, wà lọ́hùn-ún nílé ọkọ. Nígbà tí ìyà ilé ọkọ pọ̀ jù, Àṣàkẹ́ sá wá sétí odò, ó ń pe bàbá rẹ̀. Bàbá gbọ́. Ó mọ̀ pé ohùn ọmọ òun ni. Àmọ́ ó ti búra, àwọn èèyàn sì ń wò ó. Ó jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀, kò mira. Àṣàkẹ́ pè títí ó fi sú u, ó bọ́ sínú omi fúnra rẹ̀, omi sì gbé e lọ.

Lọ́dún 1993, wọ́n fi ìwé yìí ṣe eré orí tẹlifíṣọ̀n, ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá, lọ́jọọjọ́ Ìsinmi ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Àwọn tó ṣe é kò rí odò lò, adágún ẹja ni wọ́n yá. Bí kámẹ́rà bá ti ṣèèṣì yà báyìí, ẹ ó rí ògiri búlọ́ọ̀kù lẹ́yìn odò, ẹ ó sì rí aṣọ tí ìyàwó ẹlẹ́ja sá. Síbẹ̀ eré náà dùn, nítorí ọkùnrin tó ṣe atukọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Jayéọlá wo ọ̀sẹ̀ méjìlá. Lọ́sẹ̀ kẹtàlá, bí Àṣàkẹ́ ṣe dé etí omi tó la ẹnu, NEPA múná lọ. Gbogbo àdúgbò kígbe pọ̀. Àwọn kan lọ yá ìwé kà kí wọ́n lè mọ bó ṣe parí. Jayéọlá lọ jẹun.

Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn náà, wọ́n tún fi ìwé náà ṣe fíìmù, síídì méjì nínú páálí kan. Ọ̀dọ̀ Bùsáyọ̀ ni Jayéọlá ti yá a. Bùsáyọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Ekiosa, fíìmù ló ń yá èèyàn. Ọmọ dáadáa ni, ẹ̀rín ò wọ́n lẹ́nu rẹ̀, àmọ́ kò létò rárá. Síídì funfun ló ń da fíìmù kọ sí, kì í sì í kọ orúkọ fíìmù sára rẹ̀. Nọ́ńbà nìkan ló ń fi bírò kọ: 1, 2. Ẹ̀yin náà ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Síídì 2 tó wà nínú páálí tí Jayéọlá gbé lọ sílé, tí kò sì dá padà, ti fíìmù mìíràn ni. Ìyàwó Kọ́sítọ́ọ̀mù ni wọ́n ń pe fíìmù ọ̀hún.

Ẹ ó ní, báwo ni ẹni tó lójú méjì kò ṣe ní í mọ̀? Ẹ rọra. Láyé ìgbà yẹn, àwọn òṣèré kan náà lè ṣe fíìmù mẹ́rin láàárín oṣù kan. Obìnrin tó ṣe Àṣàkẹ́ ló ṣe Ìyàwó Kọ́sítọ́ọ̀mù, ọkùnrin tó ṣe bàbá rẹ̀ níbí náà ló ṣe bàbá rẹ̀ lọ́hùn-ún. Jayéọlá kì í sì í wo ibi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ níbẹ̀rẹ̀ fíìmù. Ó ní ti àwọn tí kò níṣẹ́ nìyẹn, rìmóòtù ló fi máa ń sá a kọjá. Ohun tó rí kò ju èyí lọ: lópin síídì kìíní, Àṣàkẹ́ wà létí odò, ó ń sunkún. Níbẹ̀rẹ̀ síídì kejì, Àṣàkẹ́ wà nínú jíìpù l'Ékòó, ó fi dígí dúdú sójú, wọ́n ń pè é ní Sandra. Bàbá rẹ̀ ti di onílé alájà mẹ́rin. Lópin rẹ̀, ó fẹ́ ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù.

Ẹlòmíràn ì bá bi ara rẹ̀ léèrè. Jayéọlá kò bi ara rẹ̀ ní ohunkóhun láti ọdún 1978. Ó jókòó, ó ronú, ó sì yé e: Àṣàkẹ́ ti wẹ odò kọjá, ó ti dé Èkó, ó sì ti yí orúkọ padà nítorí ìtìjú. Wọn ò fi hàn bó ṣe wẹ odò, nítorí ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́gbọ́n kì í tú síta. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú Jayéọlá nítorí bí òun fúnra rẹ̀ ṣe gbọ́n tó.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ ni yàrá kékeré kan lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Níbẹ̀ ni Yéwándé ti ń kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní Yorùbá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Báńkì ni Yéwándé ń bá ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Ọdún mẹ́rin ló ti fi ọjọ́ Àbámẹ́ta rẹ̀ jin àwọn ọmọ yìí, ẹnikẹ́ni kò sì bẹ̀ ẹ́. Ọmọ mẹ́tàlélógún ni wọ́n. Bẹ́ẹ bá bá wọn sọ Yorùbá, wọ́n á gbọ́, wọ́n á sì fi Pidgin dá yín lóhùn. Lọ́dún yẹn, Yéwándé ní àwọn á ka Ohùn Òdìkejì Odò tán láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, lẹ́yìn náà àwọn á wá sọ ohun tí tẹlifíṣọ̀n ṣe sí i àti ohun tí fíìmù ṣe sí i. Ó tiẹ̀ kó wọn lọ sí etí odò Ikpoba lọ́sàn-án ọjọ́ kan, pẹ̀lú àwọn òbí mẹ́rin, kí wọ́n pe orúkọ ara wọn láti òdìkejì, kí wọ́n lè gbọ́ bí ohùn ṣe ń gba orí omi kọjá.

Jayéọlá wá ṣàbẹ̀wò sí kíláàsì náà lọ́jọ́ kan. Dọ̀tun ka ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ọmọ mẹ́ta ní àwọn fẹ́ lọ tọ̀.

"Ẹ̀yin èwe ìwòyí," ni Jayéọlá wí, "mo gbọ́ pé ẹ ń ka ìwé ńlá. Ta ló lè sọ fún mi bí ìwé náà ṣe parí?"

Ọmọbìnrin kan nawọ́. Olúwadámisí ni, ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ìyábọ̀ tó ń ta aṣọ ní Oba Market ni ìyá rẹ̀.

"She die, sir," ni Dámisí wí. "Water carry am go."

"Ta ló kú?"

"Àṣàkẹ́. Na her papa make am die."

Jayéọlá fọwọ́ di àyà mú. Dọ̀tun náà di tirẹ̀ mú.

"Irọ́ ńlá!" ni Jayéọlá ké. "Àṣàkẹ́ wà láàyè! Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní bọ́dà Sẹ̀mẹ̀!"

Àwọn ọmọ wo ara wọn. Yéwándé kúnlẹ̀ díẹ̀, ó sì na ìwé náà sí i. "Alága, ẹ jọ̀ọ́, sà. Bóyá ti ibòmíràn lẹ rí. Ìwé náà nìyí, ojú ìwé tó gbẹ̀yìn..."

"Ìwé?" Jayéọlá fọwọ́ tì í sẹ́yìn. "Èmi, Akínfẹ́mi Jayéọlá, lẹ fẹ́ fi ìwé bá jiyàn lórí ìwé?"

"Ẹ gbọ́ òye!" ni Dọ̀tun wí.

"Wọ́n tẹ tiyín yẹn ṣì," ni Jayéọlá wí, kò tilẹ̀ wo ojú ìwé náà. Ó jáde.

Lọ́jọ́ Ajé, lẹ́tà dé. Ojú ewé mẹ́rin ni. "Ní àkíyèsí, ní ìwòye, àti ní àkíyèsí lẹ́ẹ̀kejì," ni lẹ́tà náà ṣe bẹ̀rẹ̀, ó sì ka ẹ̀ṣẹ̀ Yéwándé sílẹ̀: ó pa Àṣàkẹ́ láìgba àṣẹ ìgbìmọ̀, ó kó ọmọ ẹgbẹ́ lọ pariwo létí odò, ó fi ìwé han Alága. Nítorí náà, wọ́n ti kíláàsì pa. Yàrá náà á di ọ́fíìsì Alága. Jayéọlá ti lọ bá ẹni tó ń kọ pátákó, ó ti ní kó kọ Ọ́FÍÌSÌ ALÁGA gàdàgbà sára pátákó kan tó fẹ̀ ju ilẹ̀kùn yàrá náà lọ.

Yéwándé àti Ìyábọ̀ lọ bẹ̀ ẹ́ nílé. Wọ́n bá a ní pálọ̀, tòun ti fílà àti gíláàsì ojú, ó ń wo àwòrán ara rẹ̀ tó wà lára ògiri. Kò ní kí wọ́n jókòó. Ọláníkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló gbé àga fún wọn, tó sì lọ gbé omi tútù wá látinú fíríìjì.

Ìyábọ̀ kò jókòó, ìkúnlẹ̀ ló wà. "Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú wa. Ìyá mi wà n'Íléṣà. Láti ọjọ́ tí mo ti bí Dámisí, bí ìyá mi bá pè, èmi ni mò ń ṣe ògbufọ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Oṣù tó kọjá, ọmọ gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ó ní, 'Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ṣé ẹ sùn dáadáa?' Ìyá mi bú sẹ́kún, èmi náà bú sẹ́kún, káàdì fóònù tán, a ò tíì dákẹ́. Kíláàsì yìí ló ṣe é. Ẹ má tì í pa, ẹ dákun. Ìyá mi ò lè dúró de kíláàsì mìíràn."

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkàn nínú, ẹ mọ ohun tó yẹ kó sọ. Ẹ wá gbọ́ ohun tó sọ.

"Mo ti gbọ́ ẹkún yín," ni Jayéọlá wí, "mo sì ti fi sí fáìlì. Àmọ́ mo ti sọ̀rọ̀. Gbogbo ẹgbẹ́ ló gbọ́ pé mo sọ̀rọ̀. Bí mo bá yí i padà lónìí, kí ni wọ́n á máa pè mí lọ́la?"

"Ohun tí bàbá Àṣàkẹ́ sọ gan-an nìyẹn," ni Yéwándé wí.

"Ẹ ṣeun. Bàbá Àṣàkẹ́ kọ́lé alájà mẹ́rin."

Nígbà tí àwọn obìnrin náà lọ tán, Ọláníkẹ́ kó ife kúrò. "Bàbá Tóbi, ẹ má bínú o. Ṣé ẹ ka ìwé yẹn gan-an?"

"Ọláníkẹ́, ṣé èmi ni kí n máa ka ohun tí mo ti mọ̀?"

"Mo kàn ń béèrè ni. Torí òun ni mo fi gbé ẹsẹ̀ fíríìjì láti ọjọ́ tí a ti kó dé ilé yìí."

Jayéọlá ronú sí i díẹ̀. "Ìwé tó ń gbé fíríìjì ró," ni ó wí, "ṣé ìwé yẹpẹrẹ nìyẹn?" Ó tún fílà rẹ̀ ṣe.

Yéwándé kò dákẹ́ síbẹ̀. Ó gba ọ̀dọ̀ Bàbá Títíloyè lọ. Ojú bàbá kò ríwèé kà mọ́, etí rẹ̀ ló kù. Bàbá gbọ́ tẹnu Yéwándé, ó ránṣẹ́ pe Jayéọlá, ó gbọ́ tirẹ̀ náà. Ó ní, "Ọjọ́ Ẹgbẹ́ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Akínfẹ́mi, kó fíìmù rẹ wá kí gbogbo wa wò ó. Bí ọmọ yẹn bá wà láàyè níparí, gba yàrá. Bó bá kú, kí Yéwándé máa bá kíláàsì rẹ̀ lọ."

Inú Jayéọlá dùn débi tí kò lè sùn. Lójú tirẹ̀, wọ́n kàn bẹ̀ ẹ́ kó wá fi ìmọ̀ gba àga Ààrẹ ni. Ó kọ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan tí àkòrí rẹ̀ nìkan gba ìlà mẹ́fà. Yéwándé ní tirẹ̀ ń kó ìwé àwọn ọmọ sínú àpò kí wọ́n má baà wá dà wọ́n síta. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, Ìyábọ̀ ní gbogbo ìgbà tí fóònù Iléṣà bá dún, ọkàn òun máa ń já.

Ọjọ́ Ẹgbẹ́ pé. Agogo méjì ọ̀sán ni wọ́n pe àwọn èèyàn sí. Kò síná, jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n tàn. Alága ti pàṣẹ pé kí wọ́n tàn án láti agogo mẹ́sàn-án àárọ̀, kí fáànù lè ti fẹ́ àga rẹ̀ tutù kí ó tó dé. Bùsáyọ̀ ló gbé tẹlifíṣọ̀n ńlá méjì àti ẹ̀rọ síídì wá láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì jókòó sílẹ̀ níwájú, Yéwándé wà lẹ́yìn wọn, ó mú ìwé dání. Dọ̀tun dìde, ó ka ìtàn ìgbésí ayé Alága ní Yorùbá, ó sì tún kà á ní Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn àlejò. Àlejò kan ṣoṣo ló wà, onílé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn, tó wá wò bóyá ariwo jẹnẹrétọ̀ máa tó dáwọ́ dúró.

Jayéọlá gun orí pèpéle.

"Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ̀yin aláìmọ̀wé, àti ẹ̀yin tí ẹ wà láàárín! Ẹ jẹ́ ká fi tẹlifíṣọ̀n wé fíìmù. Tẹlifíṣọ̀n, kékeré ni! Odò inú rẹ̀, kékeré ni! Mo rí ẹja kan níbẹ̀ tó ń wo kámẹ́rà! Ìdí rèé tí ìjọba fi múná lọ lọ́sẹ̀ kẹtàlá, kí wọ́n lè dáàbò bò yín."

"Ẹ jẹ́ kó jinlẹ̀!" ni Dọ̀tun wí.

"Àmọ́ fíìmù, áà! Fíìmù ló mọ ọkàn òǹkọ̀wé! Kí ni ìwé yẹn ń kọ́ wa? Ó ń kọ́ wa pé kí ẹni ńlá má yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ọmọ ń pè, bàbá jókòó. Ọmọ ń sunkún, bàbá jókòó. Kí ni Ọlọ́run fi san án fún un? Ilé alájà mẹ́rin! Àna kọ́sítọ́ọ̀mù! Bùsáyọ̀, fi síídì kejì sí i."

Ó mú síídì náà jáde látinú àpò agbádá, pẹ̀lú ìka méjì, Bùsáyọ̀ sì gbà á. Ní ilé, Jayéọlá ì bá ti fi rìmóòtù sá ìbẹ̀rẹ̀ kọjá. Rìmóòtù Bùsáyọ̀ kò ní bátìrì. Orin dún. Lẹ́tà pupa ńlá yọ lójú tẹlifíṣọ̀n méjèèjì: ÌYÀWÓ KỌ́SÍTỌ́Ọ̀MÙ, APÁ KEJÌ.

"Yéè!" Bùsáyọ̀ ló fò sókè. "Síídì mi rèé! Oṣù mẹ́jọ! Oṣù mẹ́jọ ni mo ti ń wá a! Alága, ẹ̀yin lẹ gbé e pamọ́? Ìyá kan ti fẹ́ torí ẹ̀ gbá mi létí! Gbogbo ẹni tó yá Ìyàwó Kọ́sítọ́ọ̀mù ló ń dá a padà, wọ́n ní àwọn fẹ́ wo ìgbéyàwó, òkú ọmọ ni mo fi ń hàn wọ́n!"

Ilé dà rú. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn, ó ń bọ̀ níwájú. Ọwọ́ Dọ̀tun tó ti nà sókè láti pàtẹ́wọ́ dúró sínú afẹ́fẹ́, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí.

"Ẹ dákẹ́!" Jayéọlá ń làágùn. "Ìyàwó Kọ́sítọ́ọ̀mù... orúkọ ìnagijẹ ìwé náà ni! Ẹ̀yin ò kàwé ni!"

"Bùsáyọ̀," ni Bàbá Títíloyè wí, "síídì tí àwọn èèyàn ń dá padà fún ẹ yẹn, ó wà lọ́wọ́ ẹ?"

"Ó wà nínú àpò mi níbí, bàbá."

"Fi sí i."

Síídì wọlé. Ẹ̀rín kú díẹ̀díẹ̀. Odò gidi ló wà nínú fíìmù yìí, ó fẹ̀, ó dúdú. Àṣàkẹ́ dúró létí rẹ̀, ó ń pe bàbá rẹ̀. Bàbá jókòó sínú ọkọ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Àṣàkẹ́ gbé ẹsẹ̀ kan sómi. Ó gbé ìkejì. Omi dé orókún rẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó kú. Epo ti tán. Gbogbo epo tí wọ́n rà, àga Alága ló fi gba atẹ́gùn.

Gbogbo gbọ̀ngàn kígbe bí Benin ṣe kígbe lọ́dún 1993. Ẹnì kan ṣoṣo ni inú rẹ̀ dùn níbẹ̀.

"Ẹ rí i!" ni Jayéọlá ń ké lórí pèpéle, fílà rẹ̀ ti ṣí sẹ́yìn. "Kò kú! Ta ló rí i kó kú? Orókún ni omi dé! Èèyàn kì í kú lórókún! Yàrá ti di tèmi!"

Yéwándé ṣí ìwé rẹ̀. Kí ó tó la ẹnu, ọmọ kan ti dìde nílẹ̀ níwájú. Dámisí ni. Kò mú ìwé dání. Ìyá rẹ̀ rò pé ó fẹ́ lọ tọ̀, ó ń fọwọ́ pè é. Ọmọ náà kò wò ó. Ó kọjú sí Bàbá Títíloyè, ó kúnlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ojú ìwé tó gbẹ̀yìn tó ti kọ́ sórí, ní Yorùbá, ohùn rẹ̀ ń dúró, ó ń lọ.

"Ilẹ̀ mọ́. Bàbá Àṣàkẹ́ tú okùn ọkọ̀ rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń wò ó mọ́, gbogbo wọn ti lọ sùn. Ó tu ọkọ̀ títí ó fi dé òdìkejì. Kò bá ẹnì kankan níbẹ̀. Bàtà méjì ló bá létí omi. Ọmọ rẹ̀ tò wọ́n síra wọn, bó ṣe máa ń tò wọ́n sẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé tọ̀ ọ́ wá. Bàbá jókòó tì wọ́n. Ó pe Àṣàkẹ́. Ó dákẹ́, ó ń retí. Ó tún pè é."

Ó mí. Àwọn ọmọ méjìlélógún tó kù ti dìde, kò sí ẹni tó ní kí wọ́n dìde. Gbogbo wọn jọ parí rẹ̀ pọ̀:

"Ohùn kan dá a lóhùn láti òdìkejì odò. Ohùn ara rẹ̀ ni."

Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́. Ìyábọ̀ ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ìborùn bo ojú. Bùsáyọ̀ ń nu imú. Bàbá Títíloyè na ọwọ́, ó fi wá orí Dámisí, ó gbé e lé e.

"Ọmọ yìí ti kú, Akínfẹ́mi," ni bàbá wí. "A ti gbọ́. Sọ̀kalẹ̀."

Bí ó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lọ́wọ́ ni ẹni tó ń kọ pátákó wọlé, òun àti ẹni kejì rẹ̀, wọ́n jọ gbé pátákó Ọ́FÍÌSÌ ALÁGA lórí. "Oga, where make we put am?" ni ó ń béèrè. Ẹ̀rín tó bú jáde lọ́jọ́ náà, wọ́n ní wọ́n gbọ́ ọ ní ìsàlẹ̀ odò. Onílé ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngàn náà rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ kò gbọ́ Yorùbá.

Wọ́n yí pátákó náà padà, wọ́n fi ọ̀dà dúdú kun ẹ̀yìn rẹ̀, òun ni Yéwándé ń kọ̀wé sí títí dòní. Dọ̀tun kò tilẹ̀ jẹ́ kó di ọjọ́ kejì. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló ti lọ bá Yéwándé, pé ibo ni wọ́n bí i sí, pé òun fẹ́ máa kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ sílẹ̀. Yéwándé ní kó lọ gbá kíláàsì. Ní ti Jayéọlá, bàbá ní kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ ní ìpàdé mọ́ àfi bó bá ka ìwé náà tán níwájú Yéwándé. Oṣù kan gbáko ni kò yọjú. Ẹ̀yìn náà ni Ọláníkẹ́ lọ fa ìwé yọ lábẹ́ ẹsẹ̀ fíríìjì, ó fi àkúfọ́ búlọ́ọ̀kù dípò rẹ̀, ó sì gbé ìwé náà lé orí àwo oúnjẹ ọkọ rẹ̀.

Jayéọlá wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ, orókún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Àpá ẹsẹ̀ fíríìjì ṣì wà lára èèpo ìwé rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ó ń kà á bí ẹni tó ń wá àṣìṣe. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ti gbàgbé láti wúkọ́. Bó bá dé ibi tí àmì ohùn ti le, Dámisí tó jókòó tì í á kà á fún un, ní Yorùbá, á sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹfà, nígbà tí àwọn ọmọ ń palẹ̀mọ́ àtilọ sílé, ó ṣí ojú ìwé tó gbẹ̀yìn.

Ó kà á. Ó tún un kà. Ó bọ́ gíláàsì, ó wá hankaṣífù, kò rí i, nítorí Dọ̀tun ló máa ń bá a mú un dání. Ó fi etí agbádá nu ojú. Yéwándé ń nu pátákó, kò mọ̀ pé Jayéọlá ń sunkún títí ó fi gbọ́ ohùn rẹ̀, ohùn kékeré kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Tíṣà," ni ó wí, "ẹ dákun, ṣé ìwé yìí ò ní apá kejì ni?"